Ẹrẹ̀ Tí Kò Sí Lára Jẹ́sì

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé Ràbíátù, ìwé ni mo mú dání lọ bá a. Mo ti kọ orúkọ gbogbo aṣọ tí mo fẹ́ kó bá mi fọ̀ sínú ìwé náà, ní ẹ̀dà méjì: ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ṣòkòtò mẹ́ta, bùbá kan, pẹ̀lú àwọ̀ wọn àti iye bọ́tìnnì tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kí ó fọwọ́ sí ẹ̀dà kan fún mi, kí òun náà sì mú ọ̀kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Ìgándò nígbà náà ni, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì gbà pé bí ayé bá máa dojú rú, ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Kò wo ìwé náà rárá. Ó fa ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan yọ nínú ẹrù mi, ó yí etí apá òsì rẹ̀ sókè, ó wò ó, ó ní, "Tíṣà, iléèwé wo lẹ wà?"

Mo ní n kò sí níléèwé kankan mọ́, ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti fẹ̀yìn tì. Mo wá bi í pé ta ló sọ fún un pé tíṣà ni mí.

"Bírò pupa ló wà létí apá aṣọ yín yìí," ló wí. "Ọwọ́ òsì lẹ sì fi ń kọ̀wé. Tuntun ni, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Tí ẹ bá ti fẹ̀yìn tì, kí lẹ wá ń fi bírò pupa ṣe?"

Òtítọ́ ibẹ̀ kò dùn ún sọ létí àlejò. Ìwé ìròyìn ni mo ń máàkì. Bí mo bá ra ìwé ìròyìn láàárọ̀, mo máa ń fa igi pupa sí ìdí gbogbo àṣìṣe inú rẹ̀, màá sì fún un ní máàkì nísàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn. Kò sí ẹni tó rán mi níṣẹ́ náà. Mo ká ẹ̀dà ìwé mi méjèèjì, mo kì wọ́n bọ àpò, mo sì fi aṣọ mi sílẹ̀ fún un bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ràbíátù. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ àgbà ló ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ fífọ̀. Ìjẹ̀gùn ló kọ́kọ́ gbé nígbà tó dé Èkó, ibẹ̀ ló sì wà nígbà iná ọ̀pá epo ọdún 2008. Kì í sọ̀rọ̀ iná náà. Ohun tí èmi mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju pé títí di òní, kò jẹ́ da ẹyin iná sínú áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀ láìjẹ́ pé garawa iyanrìn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kó wá sí Ìgándò, tó kan àtíbàbà onípáànù kan sábẹ́ igi fúrúùtù, ní ẹ̀bá ọ̀nà tó lọ sí pápá iléèwé. Hamdalah lorúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, òun ló jẹ́ kí gbogbo àdúgbò máa pè é ní Ìyá Hamdalah.

Ràbíátù máa ń ka aṣọ kó tó fọ̀ ọ́. Alágbàfọ̀ mìíràn á kàn kó aṣọ sómi. Òun á tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì, á wo iwájú, á wo ẹ̀yìn, á mọ ohun tó ta sí i kó tó mọ ọṣẹ tó máa lò. Epo pupa ní ọ̀nà tirẹ̀, ìpẹtà ní tirẹ̀, oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní tirẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá mọ ibi tí ìdọ̀tí ti wá kò lè lé e lọ. Mo ka ìyẹn sí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, n kò sì lò ó fún nǹkan kan.

Ní àdúgbò wa, a ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ Ìṣọ̀kan Ìgándò. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ ló wà níbẹ̀: bíríkìlà, mẹkáníìkì, ọlọ́kadà, akunlé. Wọ́n ń kópa nínú líìgì kékeré kan tó ní ẹgbẹ́ méjìlá, láti Ẹgbẹ́dá dé Baruwa. Àwa alátìlẹ́yìn ní ẹgbẹ́ tiwa lọ́tọ̀, èmi sì ni akọ̀wé. Kò sẹ́ni tó bá mi du ipò náà. Nígbà tí mo sọ pé mo fẹ́ ẹ, ńṣe ni wọ́n pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Èmi ni mo ṣètò pé kí Ràbíátù máa fọ jẹ́sì Ìṣọ̀kan. Abẹ́ igi rẹ̀ náà la sọ di ibi ìjiyàn wa, torí ibòji wà níbẹ̀, bẹ́ǹṣì méjì sì wà níbẹ̀. Bí a bá ń pariwo lórí bọ́ọ̀lù, òun á máa lọ aṣọ, kò ní dá sí i. A rò pé kò gbọ́ nǹkan tí à ń sọ.

Pápá iléèwé tí Ìṣọ̀kan ń lò ní ẹ̀gbẹ́ méjì tí kò jọra. Ẹ̀gbẹ́ kan gbẹ táútáú, iyẹ̀pẹ̀ pupa ni. Ẹ̀gbẹ́ kejì sún mọ́ gọ́tà ńlá kan tí omi rẹ̀ ń gba àárín ọgbà àwọn mẹkáníìkì kọjá. Koríko tútù wà níbẹ̀, lábẹ́ koríko náà sì ni ẹrẹ̀ dúdú tí epo ọkọ̀ ti dà pọ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kan kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀, mo lọ kó jẹ́sì, Ràbíátù sì sọ fún mi pé, "Tíṣà, ẹrẹ̀ ẹ̀bá gọ́tà yẹn le o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń fọ jẹ́sì kan kó tó lọ."

Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Lónìí, mo mọ̀ pé ohun tó fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi kò ju "Ẹ kú iṣẹ́" lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ìṣòro rẹ̀ fún èèyàn tó fẹ́ràn ètò, òfin ni yóò fi dá a lóhùn. Kó tó tó wákàtí kan, mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà, mo ń ka ọ̀rọ̀, ọmọbìnrin ibẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́:

"Òfin Kẹtàdínlógún. Agbábọ́ọ̀lù tí ẹrẹ̀ gọ́tà bá wà lára aṣọ rẹ̀ ni yóò fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, yóò sì mú un wá kí Akọ̀wé yẹ̀ ẹ́ wò kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó lù."

Bẹ́ẹ̀ ni, òfin mẹ́rìndínlógún ti wà ṣáájú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi ike bò ó lójú méjèèjì kó lè pẹ́, mo sì fi ìṣó mẹ́rin kàn án mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá tí àwọn ọmọ náà ti ń pààrọ̀ aṣọ.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn mẹ́rin ló fọ aṣọ wọn. Akóredé, tó ń gbá apá òsì, ló jìyà jù. Mẹkáníìkì ni, inú epo dúdú ló ń wà láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé, ọjọ́ kan ṣoṣo tó fi ń sinmi ló sì wá fi ń pọn omi bòhóòlù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dá jẹ́sì rẹ̀ padà pé kò mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnì kan péré ló ní ẹrẹ̀ lára. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sí ẹnì kankan. Inú mi dùn kọjá ààlà. Mo kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ pé: "Òfin Kẹtàdínlógún ti ṣe àṣeyọrí."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mú akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun wá. Olúdayọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan láti Ọ̀yọ́. Ẹgbẹ́ kò lágbára àtisanwó fún un, nítorí náà yàrá kan lẹ́yìn ilé Alága ni wọ́n fún un dípò owó oṣù. Ibẹ̀ ni òun àti Tòún ìyàwó rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ Olúdayọ̀, ọjọ́ náà ni yàrá bọ́.

Líìgì bẹ̀rẹ̀. Ìṣọ̀kan gbá bọ́ọ̀lù méje ní pápá tiwa, wọn kò gbá góòlù kan ṣoṣo wọlé. Bí wọ́n bá lọ gbá níta, wọ́n á jẹ ọ̀kan, wọ́n á jẹ méjì. Àwa sọ pé oríire ni. Nígbà tó yá, àwa la gbẹ̀yìn nínú ẹgbẹ́ méjìlá, ìjiyàn abẹ́ igi fúrúùtù sì wá gbóná ju áyọ́ọ̀nù Ràbíátù lọ.

"Atamátàsé méjì!" Adéwọlé, tó ń bá wọn ṣàtúnṣe bátìrì ọkọ̀ ní kọ̀rọ̀ ọ̀nà, ló máa ń bẹ̀rẹ̀. "Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fi bó. Ẹ fi atamátàsé méjì síwájú, kí wọ́n máa gbá a gúngùn!"

"Méjì kẹ̀?" Princess nìyẹn, tó ń fi ẹ̀rọ POS sanwó fún àwọn èèyàn lábẹ́ agboòrùn rẹ̀ níwájú àtíbàbà. "Ẹyọ kan tó wà níbẹ̀, ṣé ó rí bọ́ọ̀lù gbá? Bọ̀dá Adéwọlé, ẹ kàn fẹ́ kí ebi pa ẹni méjì dípò ẹnì kan ni."

"Princess, máa sanwó fún kọ́sítọ́mà ẹ. Fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún àgbà."

"Àgbà wo? Ẹ̀yin tí ẹ ní ká fi gólì ṣe atamátàsé lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Torí ó ga ni mo ṣe sọ ọ́!"

"Òpó iná náà ga. Ẹ fi jẹ́sì wọ̀ ọ́ jàre."

Èmi á ní kí wọ́n máa nawọ́ sókè kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó nawọ́ rí, àfi ọjọ́ tí eṣinṣin ń da Adéwọlé láàmú.

Lójú tèmi, mo sàn jù wọ́n lọ, torí ariwo ni wọ́n ń pa, èmi ń kọ àkọsílẹ̀. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá nílé ni mo jókòó wò láti orí àga kan náà, tí mo fa igi sínú ìwé fún gbogbo ìgbà tí Ìṣọ̀kan kọlu ojúlé ọ̀tá. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, mo rí ohun ìyanu kan. Ní abala àkọ́kọ́, ọwọ́ ọ̀tún wọn nìkan ni wọ́n máa ń gbà lọ síwájú. Ní abala kejì, ọwọ́ òsì wọn nìkan. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú bọ́ọ̀lù méjèèje. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni wọ́n máa ń wọ́ jọ síbi kan bí èèrà orí ṣúgà, wọ́n á sì gba bọ́ọ̀lù lọ.

Mo wá kọ ìwé olójú ewé méjìlá. Àkọlé rẹ̀ ni "Àyẹ̀wò Ọ̀nà Ìkọlù Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan." Ní ojú ewé kẹsàn-án, mo kọ gbólóhùn tó dùn mọ́ mi jù, mo sì fa igi sídìí rẹ̀: "Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá ń yí ọ̀nà ìkọlù rẹ̀ padà pátápátá láàárín ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò ní èrò kankan lórí." Mo fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Alága. Alága kà á, ó ní kí ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí a bá fẹnu kò sí lòun máa ṣe.

Ìpàdé wá bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan lábẹ́ igi fúrúùtù. Mo ti tẹ ètò ìpàdé. Nǹkan kẹta lórí rẹ̀ ni yíyọ Olúdayọ̀ nípò. Olúdayọ̀ fúnra rẹ̀ wá. Ó jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. Akóredé àti àwọn agbábọ́ọ̀lù mélòó kan dúró lẹ́yìn. Ràbíátù ń lọ aṣọ nínú àtíbàbà rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀.

Mo ka ojú ewé méjèèjìlá. Nígbà tí mo dé ojú ewé kẹfà, Princess ti sanwó fún èèyàn mẹ́rin. Nígbà tí mo parí, mo bi Olúdayọ̀ bóyá ó ní ọ̀rọ̀ sọ.

"Tíṣà, ẹ ṣeun," ló wí. "Mi ò sọ fún wọn rí pé kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni mo máa ń ní kí wọ́n lò. Wọ́n á ní, 'Yes, Coach.' Tí wọ́n bá wá wọ pápá, wọn ò ní lọ. Mo ti bẹ̀ wọ́n, mo ti bínú. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún wọn. Tó bá jẹ́ pé kí n máa lọ ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Alága kó jẹ́ ká lo oṣù yìí pé. Ara ọmọ ò yá."

Ojú ń ti àwa náà, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ni àkọsílẹ̀. Mo ní ẹni tó bá fara mọ́ àbá náà kó nawọ́ sókè. Ọwọ́ Adéwọlé ló kọ́kọ́ lọ sókè, eṣinṣin kankan ò sì sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e.

Ìgbà náà ni Ràbíátù gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ lè sọ̀rọ̀?"

Mo ṣí ìwé òfin wa. Mo ní gẹ́gẹ́ bí òfin kọkànlá, kò ṣeé ṣe, àyàfi kí ọmọ ẹgbẹ́ kan dá a lábàá, kí ẹlòmíràn sì kín in lẹ́yìn.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kí ìyá sọ̀rọ̀ jàre!" ni Princess pariwo.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti dá a lábàá.

Ràbíátù gbé ìdì aṣọ méjì jáde, ó sì tú wọn sórí tábìlì ìlọṣọ. Jẹ́sì Ìṣọ̀kan tí kò tíì fọ̀ ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù kan ní Baruwa, wọ́n sì ti gbá òmíràn níbí.

"Mo gbọ́ láti Ọjọ́bọ̀ pé ẹ fẹ́ lé Kóòṣì," ló wí. "Ìdí tí mi ò fi fọ̀ wọ́n nìyí. Ẹ wo èyí. Jẹ́sì Akóredé rèé, nọ́ńbà mọ́kànlá, èyí tó wọ̀ lọ sí Baruwa. Ẹ wo èjìká ẹ̀. Ẹ wo ìbàdí ẹ̀. Ó ṣubú sọ́tùn-ún, ó ṣubú sósì. Iyanrìn wà níbẹ̀, koríko wà níbẹ̀. Ọmọ tó ṣiṣẹ́ nìyí." Ó fa òmíràn yọ. "Èyí tó wọ̀ níbí lánàá rèé. Iyẹ̀pẹ̀ pupa nìkan. Koríko dà? Kò sí. Ẹrẹ̀ dúdú dà? Kò sí. Ẹ wo ti nọ́ńbà méje. Ẹ wo ti nọ́ńbà mẹ́ta. Mo ti ń wò ó tipẹ́. Kò sí jẹ́sì kankan nínú gbogbo wọn tó ní ẹrẹ̀ gọ́tà lára, àní ti gólì. Ìdajì pápá ni àwọn ọmọ yìí ń gbá. Wọn ò dé ẹ̀bá gọ́tà rárá."

"Ìyá Hamdalah," mo ní, mo rọra sọ ọ́ kí n má bàa dójú tì í, "àkọsílẹ̀ mi lòdì sí ìyẹn. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n gbà ní abala àkọ́kọ́, ọwọ́ òsì ni wọ́n gbà ní abala kejì. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìyẹn."

Adéwọlé rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Tíṣà," ni Adéwọlé wí, "tí abala àkọ́kọ́ bá parí, ṣebí wọ́n máa ń pààrọ̀ ojúlé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Gọ́tà ńkọ́? Ṣé òun náà máa ń pààrọ̀ ni?"

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì. Mo ti kọ́ wọn ní àríwá àti gúúsù, mo ti kọ́ wọn bí a ṣe ń ka máàpù, mo sì ti na ọmọ ní pàṣán rí torí pé ó kọjú máàpù sí ibi tí kò yẹ. Mo wo ìwé olójú ewé méjìlá tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ẹ̀gbẹ́ gbígbẹ. Princess rẹ́rìn-ín títí ó fi sun POS rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má bàa já bọ́.

Olúdayọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sẹ́yìn. "Akóredé, kí ló dé tí ẹ kì í lọ sí ẹ̀bá gọ́tà?"

Akóredé wo ilẹ̀, ó wo èmi, ó tún wo ilẹ̀. "Òfin kẹtàdínlógún ni, Kóòṣì."

"Òfin wo?"

Kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Gbogbo wa dìde, a rìn lọ sí yàrá ìpààrọ̀ aṣọ. Ilẹ̀kùn yàrá náà máa ń wà ní ṣíṣí ni, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ògiri. Akóredé fà á, ó tì í, òfin mi sì yọ, ó ń dán yinrin nínú ike rẹ̀, ìṣó mẹ́rin sì dì í mú ṣinṣin. Olúdayọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù Tíṣà ń bà wá," ni Akóredé wí. "Tíṣà ló kọ́ mi ní JSS 2, kí wọ́n tó kó wá síbí. Nígbà tó yá gan-an, a ò rántí òfin yẹn mọ́. Tí bọ́ọ̀lù bá ti ń lọ síbẹ̀, ẹsẹ̀ wa ló kàn ń yà."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Ràbíátù ṣáájú mi. "Ẹ má bá Tíṣà wí," ló ní. "Èmi ni mo fà á. Èmi ni mo sọ fún wọn pé ẹrẹ̀ yẹn le. Mo sì ti rí i lára aṣọ láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò sọ nǹkan kan. Mo rò pé ẹ̀yin tí ẹ mọ bọ́ọ̀lù ti rí i. Àti pé, kí n má parọ́, ó tù mí lára. Aṣọ ń tètè mọ́." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. "Àmọ́ kí Tòún wá gbé ọmọ tí ara ẹ̀ ò yá pọ̀n kúrò nílé, torí ẹrẹ̀ tí mi ò fẹ́ fọ̀? Kí ni mo fẹ́ sọ fún Ọlọ́run? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa mú ẹrẹ̀ bọ̀. Màá fọ̀ ọ́."

A ò tún dìbò mọ́. Ẹni mẹ́rin tó nawọ́ sókè tẹ́lẹ̀ wá ń bínú sí èmi tí mo ní kí wọ́n nawọ́. Adéwọlé ní òun ò fẹ́ kí ọkùnrin náà lọ látìbẹ̀rẹ̀, apá ló kàn ń dun òun. Mo fa òfin kẹtàdínlógún pé kí n fà á ya. Kò ya. Ike tí mo fi bò ó kó lè pẹ́ ti jẹ́ kó pẹ́ lóòótọ́. Mo fi ọwọ́ fà á, mo fi eyín fà á, mo sì wá mọ̀ pé ojú agbábọ́ọ̀lù mẹ́fà ni mo ti ń bu òfin ara mi jẹ bí ajá tó rí bàtà. Akóredé ló lọ mú pílá wá nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, tó yọ ìṣó náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ìṣọ̀kan gbá bọ́ọ̀lù nílé. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Akóredé fi sáré gba ẹ̀bá gọ́tà lọ, tí ó yọ̀, tó fi ìdí wọ́ lọ nínú ẹrẹ̀ bí ìwọ̀n ilé kan, tó sì tún dìde gbé bọ́ọ̀lù náà sáàárín. Atamátàsé wa, tí bọ́ọ̀lù ò kàn nílé láti oṣù mẹ́ta, kọ́kọ́ wò ó bí ẹni rí àlejò. Lẹ́yìn náà ló gbá a sáwọ̀n. A jẹ góòlù méjì lọ́jọ́ náà. Àwọn tó wá bá wa jẹ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó bìkítà. A jó láti pápá dé abẹ́ igi fúrúùtù bí ẹni gba ife, àwọn tó borí wa sì dúró, wọ́n ń wò wá, wọ́n ń bi ara wọn pé ta ló jẹ.

Nígbà tí líìgì parí, ipò kẹwàá la wà nínú méjìlá. Méjì tó gbẹ̀yìn ló já bọ́ sí ìpele ìsàlẹ̀. A kò sí nínú wọn. Olúdayọ̀ ṣì wà nínú yàrá rẹ̀, ara ọmọ náà sì ti le.

Ní ti ẹrẹ̀, mo dá àbá kan ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, pé Akọ̀wé ni yóò máa fi omi àkọ́kọ́ fọ gbogbo jẹ́sì tó bá ní ẹrẹ̀ gọ́tà lára. Àbá náà wọlé láìsí àríyànjiyàn; fún ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo èèyàn nawọ́ sókè. Ní ọjọ́ Àìkú, mo máa ń káwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi dé ìgúnpá, màá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n Ràbíátù, màá máa fi ọwọ́ bó ẹrẹ̀. Bí mo bá parí ọ̀kan, òun á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, á wo iwájú, á wo ẹ̀yìn.

"Tíṣà, èyí ò mọ́."

"Ìyá Hamdalah, ó mọ́."

"Abẹ́ apá ńkọ́? Ẹ tún un ṣe. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá."

Máàkì tó ga jù lọ tí mo ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní ni mẹ́fà, àánú ló sì fi fún mi.

Ṣọ́ọ̀bù Ràbíátù wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, lábẹ́ igi fúrúùtù, ní ọ̀nà pápá iléèwé ní Ìgándò. Ó ti di ọmọ ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn Ìṣọ̀kan, ẹni kẹtàdínlógójì nínú ìwé. Aago méje àárọ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló sì ń tì í, àfi Sátidé tí Ìṣọ̀kan bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé. Lọ́jọ́ náà, aago mẹ́ta ló máa ń tì í.